Láptọ́ọ̀pù Tí Kò Yẹ fún Àpótí

Ní ilé wa ní Abẹ́òkúta, ohun tó bá dára kì í ṣe fún lílò. Àwo tó dára, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ló wà, níbi tí àlejò ti lè rí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi jẹun. Àwo tó ti ya létí la fi ń jẹun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọn tó ṣe àwo wọ̀nyẹn gan-an mọ̀ pé wíwò ni àwọn ṣe é fún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, ra fóònù ńlá kan tó fẹ̀ bíi wàláà wá fún ìyá wa, ìyá wa gbé fóònù náà sókè, wọ́n gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi títí ojú fi ń ti èmi tí mo kàn ra iṣu wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ ní Mẹ́kà wé e, wọ́n gbé e sínú àpótí irin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì fi àgádágodo tì í. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Àdìrẹ ni ìyá wa ń tà. Ọjà Ìtọ̀kú ni wọ́n ti ń tà á kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Nígbà tí orúnkún kọ̀, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ orí àpáta tí ilé wa wà kò sì ṣàánú ẹni tí orúnkún rẹ̀ kọ̀, wọ́n kó ọjà wálé, wọ́n sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà wọn wà ní Èkó, wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Òwódé, àwọn kan tilẹ̀ wà ní òkè òkun. Orí Wásáàpù ni wọ́n ti ń ná ọjà báyìí. Oníbàárà á fi fọ́tò irú aṣọ tó ń fẹ́ ránṣẹ́, ìyá wa á wo fọ́tò náà, wọ́n á wá aṣọ náà nínú òkìtì, wọ́n á dì í, ọkọ̀ á gbé e lọ.

Ibi tí ìyá wa á ti wo fọ́tò yẹn ni gbogbo ìṣòro wà. Fóònù kékeré ni wọ́n ń lò, nítorí pé èyí tó tóbi wà nínú àpótí. Ojú wọn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, gbogbo àdìrẹ ló jọ ara wọn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí lára, tí a ń pè ní ẹlẹ́kọ, àti èyí tí wọ́n fi okùn so kí wọ́n tó rì í sínú aró, búlúù kan náà ni gbogbo wọn. Oníbàárà kan ní Òwódé ní òun fẹ́ èyí tó ní ẹyẹ. Ìyá wa fi èyí tó ní òṣùpá ránṣẹ́. Obìnrin náà pariwo, ó dá aṣọ padà. Òmíràn ní Ìbàdàn kò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn dákẹ́. Nínú òwò, ẹni tó ń pariwo kò tíì lọ. Ẹni tó dákẹ́ ló ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó wá láti Èkó ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó jókòó, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó ní:

“Màmá, a ti rò ó dáadáa. Ó tó àkókò kí ẹ máa sinmi. Ẹ ti ṣe gudugudu méje, ẹ ti ṣe yàyà mẹ́fà.”

Ohùn tí àwọn ọ̀gá fi máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé iléeṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó di pé wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, ni ó lò.

Ìyá wa ń ká aṣọ lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè. “Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ní ọjọ́ orí tèmi yìí, ìsinmi náà máa ń pẹ́ o.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kì í ṣe irú ìyẹn ni mo ní lọ́kàn.”

“Irú èwo lo ní lọ́kàn? Kí n jókòó, kí n máa ka aláǹgbá ara ògiri?”

“Ẹ ó máa jẹ̀gbádùn ni, Màmá. A ó máa fi owó ránṣẹ́.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ fún ọ lówó kí o tó mọ ohun tó ń jẹ́ owó. Má fún mi lówó. Bí o bá fẹ́ fún mi ní nǹkan, fún mi ní oníbàárà.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sìn ín dé ìta, ó sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Bí aṣọ kan péré bá tún padà wá, òun yóò kó gbogbo ọjà náà fún ìbátan wa kan ní Ìtọ̀kú kí ó máa bá wa tà á. Ó ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ìtìjú ni pé kí ìyá òun, ìyá odindi òun, máa gba ẹ̀gbin lẹ́nu àwọn oníbàárà.

Mo mọ ìyá wa. Bí wọ́n bá kó àdìrẹ kúrò nínú pálọ̀ yẹn, wọn kò ní ṣàìsàn, wọn kò ní sunkún. Wọ́n á kàn dákẹ́ bí oníbàárà Ìbàdàn.

Alábàtà ni mo ń gbé, nítòsí ọgbà yunifásítì, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo kàwé. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ní ìlú wa, bí o bá kàwé tí o kò sọ ọ́, wọ́n á rò pé ojú ń tì ọ́. Lójú mi, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ìyá wa kò nílò ìsinmi, fọ́tò tó tóbi ni wọ́n nílò. Wásáàpù tó wà lórí fóònù wọn lè ṣí sórí láptọ́ọ̀pù. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún un.

“Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ,” ni ó wí. “Màá bá wọn ra tuntun.”

“Ẹ má ra tuntun, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ra tuntun, inú àpótí ló ń lọ. Àlòkù la máa rà.”

“Àlòkù? Fún ìyá tó bí wa? Kí ni àwọn èèyàn á sọ?”

“Àwọn èèyàn wo?”

“Àwọn èèyàn!”

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa àwọn èèyàn yìí. N kò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó bá wa fa omi rí. Mo sọ fún un pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi.

Nínú ìwé, ayárabíàṣá ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ yìí. Èyí tí mo ń wá kò ní láti yára bí àṣá. Bó bá yára bí adìyẹ tó ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó tó, kó ṣáà ti ní ojú tó fẹ̀, tí kò ní purọ́. Mo mú ègé àdìrẹ kan tó ṣẹ́ kù nígbà tí ìyá wa rán bùbá, mo yà á ní fọ́tò nínú oòrùn, mo ká ègé náà sínú báàgì, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Pànṣẹ́kẹ́, níbi tí àwọn tó ń ta fóònù àti láptọ́ọ̀pù pọ̀ sí.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ kọ “Injíníà” sí ara ògiri, ó kọ ọ́ sí ara àga, ó tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì òun, bóyá kí ó má baà gbàgbé.

“Àǹtí, ẹ káàbọ̀, ẹ kú oòrùn. Ti ọ́fíìsì lẹ fẹ́ ni, àbí ti ọmọ iléèwé?”

“Ti ìyá mi. Àlòkù ni mo fẹ́.”

Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ bí ẹni tí mo bú. “A kì í ta àlòkù níbí o. Tòkunbọ̀ là ń tà.”

“Kí ni ìyàtọ̀ àárín wọn?”

“Òkun ni, Àǹtí. Òkun ló wà láàárín wọn.”

Mo gbà fún un. Ní ilẹ̀ tí ẹni tó ti òkè òkun dé ti ń di ọ̀gá lé ẹni tó wà nílé lórí, kò burú bí láptọ́ọ̀pù náà bá rí tirẹ̀ mú nínú oyè.

Ó gbé ọ̀kan wá, pẹlẹbẹ bí àwo, ó ń kọ mọ̀nà. Ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ẹni ń pa ológbò.

“Ẹ wo bó ṣe fẹ́lẹ́. Ẹ lè fi gé búrẹ́dì.”

“Ìyá mi ní ọ̀bẹ.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà fún mi: ráàmù rẹ̀ jẹ́ báyìí, ìran rẹ̀ jẹ́ báyìí, inú rẹ̀ gba báyìí. Mo ń mi orí bí ẹni tó yé, nítorí pé mo kàwé. Òun náà ń kà á lọ bí ẹni tó yé, nítorí pé injíníà ni. A bọ̀wọ̀ fún ara wa báyẹn títí nọ́ńbà fi tán. Lẹ́yìn náà mo ní kó bá mi ṣí fọ́tò aṣọ náà, mo sì fa ègé àdìrẹ yọ nínú báàgì, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Aró ìyá mi ti di elésè àlùkò.

“Ẹ ò rí bó ṣe ń dán?” ni Injíníà wí.

“Ó ń dán, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Ẹ gbé òmíràn wá.”

Òmíràn sọ aró di dúdú bí ìdí ìkòkò. Òmíràn tún sọ ọ́ di irú àwọ̀ tí ojú ọ̀run máa ń ní nínú kàlẹ́ńdà. Ọkùnrin kan tó ń dúró kí wọ́n tún fóònù rẹ̀ ṣe ti sún mọ́ wa. “Àǹtí, ẹ má bínú o,” ni ó wí. “Ṣé ẹ fẹ́ dá aṣọ fún láptọ́ọ̀pù náà ni?”

“Bó bá wọ̀ ọ́, màá dá a fún un.”

Abẹ́ tábìlì ni mo ti rí èyí tí mo wá. Ó nípọn, ó wúwo, igun rẹ̀ kan ti ya, lẹ́tà orí bọ́tìnnì rẹ̀ ti ń parẹ́, ẹnìkan sì ti fi èékánná ha sítíkà kan lẹ́yìn rẹ̀ débi tó sú u.

“Èyí ńkọ́?”

“Èyí? Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n bá rí èyí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, wọn ò ní kí i.”

“Ìyá mi kì í lọ síbi iṣẹ́. Ibi iṣẹ́ ló ń wá bá wọn. Ẹ bá mi tàn án.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jí, ó sì mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò náà hàn, aró ni mo rí, aró gan-an, pẹ̀lú ibi tí ó ti ṣú àti ibi tí ó ti fẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé ègé aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin onífóònù náà sì na ọwọ́, ó fẹ́ fọwọ́ kan èyí tó wà nínú ẹ̀rọ.

Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí i, mo pa á dé, mo tún ṣí i, kí n mọ̀ bóyá ọrùn rẹ̀ ń mì. Mo wo ojú ara mi nínú kámẹ́rà rẹ̀. Ó fi mí hàn bí mo ṣe rí, mo sì dárí jì í. Ní ìkẹyìn, mo fa ṣájà yọ, mo jókòó, mo ní kí a máa ṣeré kí n mọ ìgbà tí bátìrì yóò kú. Injíníà sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlara rẹ̀ ní gbogbo Pànṣẹ́kẹ́. Ìtàn náà ló kọ́kọ́ kú.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún igun tó ya yẹn ṣe,” ni ó wí nígbà tí a ti ná an tán. “Ọ̀fẹ́ ni.”

“Bí ẹ bá fọwọ́ kan igun yẹn, mi ò rà á mọ́.”

Ó wo ọkùnrin onífóònù. “Ẹ rí i? Ìwé àkàjù nìyẹn.”

Nígbà tí mo gbé e dé iwájú ìyá wa, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. “Ta ló jù ú lulẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ la ṣe rà á, Màmá.”

“Ìwọ lo rí i pé ó ya, o sì rà á?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

“O ṣé o,” ni wọ́n wí, àdúrà parí. Inú mi dùn. Láptọ́ọ̀pù tó bá gba àdúrà gígùn, àpótí ló ń lọ.

Wọ́n gbé e sórí àpótí ìjókòó kan láàárín òkìtì aṣọ. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣí Wásáàpù lórí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ fọ́tò di ńlá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ń fi gíláàsì ojú wọn lé e lórí, wọ́n ti ń fi sísọ́ọ̀sì lé e lórí, mo tilẹ̀ bá ẹ̀pà níbẹ̀. Aṣọ kan lọ sí Òwódé, kò padà wá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

N kò fi ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Ó dé ní ọjọ́ Sátidé, ó rí ohun tó wà lórí àpótí ìjókòó, ó sì dúró bí ẹni tó bá òkú èkúté nínú ọbẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ní òun fẹ́ bá wọn ṣe nǹkan kékeré kan sí i lára, ó gbé e jáde. Nígbà tó fi máa padà dé, wọ́n ti dí igun tó ya, wọ́n ti fi ọ̀rá aláwọ̀ wúrà tó ń kọ yẹ̀rì wé gbogbo ara rẹ̀, wọ́n sì ti kọ “Àlàájà” gàdàgbà sí i láyà. Ó tún ní báàgì onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Ìyá wa gbàgbé orúnkún, wọ́n dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi, fún ìyàwó rẹ̀, fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, fún mọ́tò tí kò tíì rà. Bí àdúrà náà ṣe ń gùn ni ọkàn mi ń bàjẹ́. Kí n tó ṣe àmín tó kẹ́yìn, mo ti gbọ́ tí àgádágodo àpótí ró.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, fóònù kékeré dún. Oníbàárà Ìbàdàn, ẹni tó dákẹ́ yẹn, ló fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó fẹ́ aṣọ tó pọ̀, ó sì fẹ́ ẹ kíákíá. Ìyá wa gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e sún mọ́. Wọ́n fa aṣọ kan yọ, wọ́n fa òmíràn yọ, wọ́n tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀kan, wọ́n ń wo èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti múra àtipadà sí Èkó, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, ohun tí mo ń wí nìyẹn,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Ẹ jẹ́ kí ìbátan wa yẹn wá kó ọjà náà lọ́la.”

Ọwọ́ ìyá wa wà lórí aṣọ àkọ́kọ́, kò kúrò níbẹ̀.

“Láptọ́ọ̀pù dà?” ni mo bi wọ́n.

“Mo ti tọ́jú rẹ̀.”

“Fún ta ni, Màmá?”

“Nǹkan tó dára báyẹn, kí n máa fi wo aṣọ? Bí eruku bá bà á ńkọ́?”

Mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kí n kàn wò ó. Mo gbé e wá sí pálọ̀, mo yọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, mo jókòó sílẹ̀, mo ki èékánná bọ abẹ́ ọ̀rá wúrà náà níbi igun, mo sì fà á. Ó ya pẹ̀lú ariwo. Ìyá wa ké bí ẹni tí wọ́n ń bó ewúrẹ́ rẹ̀ láàyè.

“Ṣé orí ẹ dá ṣá?” ni ẹ̀gbọ́n mi pariwo. “Ìwọ tí wọ́n ní ó kàwé!”

“Ẹ̀kọ́ náà ni mò ń lò yìí.”

N kò dúró. Mo bó o níwájú, mo bó o lẹ́yìn. “Àlàájà” gan-an já sí méjì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo parí, ó ti burú ju bí mo ṣe rà á lọ. Gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri, ó ń rí bí orí tí làpálàpá mú.

Ìyá wa wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí. Wọ́n pòṣé.

“Ó ti bà á jẹ́,” ni wọ́n wí. “Gbé e wá níbí, kí n máa fi ṣiṣẹ́.”

Fọ́tò náà ṣí, ó kún ojú ẹ̀rọ. Ìyá wa kò lò tó ìṣẹ́jú kan. “Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú méjì yìí. Ẹlẹ́kọ ni, èyí tó ní ẹja.” Wọ́n na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ òkìtì, wọ́n fa ẹlẹ́ja náà jáde láìwo ibẹ̀.

Wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́, oníbàárà sì pè padà lórí fídíò kí wọ́n ná an. Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kúrò ní Ìtọ̀kú, ohùn lásán ni wọ́n ti ń bá ná ọjà, tàbí ojú kan tó kéré bí èékánná. Báyìí, ojú obìnrin náà gba gbogbo ojú láptọ́ọ̀pù, pẹ̀lú gèlè àti yẹtí. Ìyá wa jókòó dáadáa.

“Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Aṣọ dára, ṣùgbọ́n owó yẹn ti pọ̀ jù. Mi ò ní i, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

“O ò ní i?” Ìyá wa tẹ̀ síwájú. “Ta lò ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn? Ṣé ẹni tó fẹ́ bá ẹ lò ó ló ń ṣẹ́jú sí ẹ kí o má jẹ́ kí n mọ̀ pé owó wà?”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Ha! Màmá, ẹ ń rí mi ni?”

“Mo ń rí ẹ títí dé èrìgì. Ẹni tí kò ní owó kì í rẹ́rìn-ín báyẹn. Ẹ̀rín ẹni tó ti mọ bó ṣe máa rán an ni.”

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo bí mo ṣe ń gbé ègé aṣọ káàkiri Pànṣẹ́kẹ́, ojú aṣọ ni mo rò pé mò ń wá fún ìyá wa. Ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń wá látọjọ́ yìí. Wọ́n ná an, wọ́n fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, oníbàárà ṣe bí ẹni tó ń lọ, ìyá wa ní kó máa lọ, wọ́n sì ń wo ẹyinjú rẹ̀ bó ṣe ń lọ tí kò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ ìbátan mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà fún ara wọn, ó ti gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ìyá wa bí ẹni tó ń wo ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Òun náà ló gbé ẹrù náà dé gáréèjì ní Kútọ̀ nígbà tó ń lọ, kí wọ́n lè fi sínú ọkọ̀ Ìbàdàn. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, báàgì ọ́fíìsì ní ọwọ́ kan, àdìrẹ ní abíyá, nígbà tí ìyá wa yọ orí lójú fèrèsé.

“Má gbé e sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọkọ̀ o! Sọ fún dẹ́rẹ́bà pé oníbàárà mi ló ni ín!”